Bí a ṣe lè dáàbò bo àwọn ọmọdé àti ará ìlú lọ́wọ́ àdó olóró tí ogun fi sílẹ̀

Ìwé àdéhùn àlàáfíà kì í hú àdó olóró kúrò nínú ilẹ̀. Láàárín 1964 sí 1973, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà da bọ́ǹbù wẹ́wẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 270 sórí ilẹ̀ Laos. Nǹkan bí mílíọ̀nù 80 nínú wọn ni kò bú nígbà tí wọ́n balẹ̀, àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà ogun náà sì ń bá wọn pàdé nínú oko títí dòní. Ogun abẹ́lé Mozambique parí ní 1992, ṣùgbọ́n 2015 ni wọ́n tó kéde pé wọ́n ti hú àdó olóró abẹ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ tán. Kí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó dé, ìṣe ojoojúmọ́ àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà nìkan ni ààbò wọn. Òbí, olùkọ́, olórí àdúgbò àti òṣìṣẹ́ ìlera la kọ èyí fún. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń hú àdó olóró tàbí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di aláìlágbára, torí iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ tó sì ní irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó wà nílẹ̀

Àdó olóró abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ènìyàn kò fẹ́ ju ìwọ̀n kílò mélòó kan lọ kó tó bú. Ẹsẹ̀ ọmọ kékeré tó o. Òmíràn ní wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ta dábùú ọ̀nà, ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ ló máa fà á. Àwọn kan a kọ́kọ́ fò sókè dé ìbàdí ènìyàn kí wọ́n tó bú, ìdí nìyẹn tí ẹyọ kan fi lè pa gbogbo àwọn tó dúró yí ká. Èyí tí wọ́n ṣe fún tánkì sábà máa ń fẹ́ ìwọ̀n tó lé ní 100 kílò. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí gun orí rẹ̀ o: ìpẹtà lè ti ba inú rẹ̀ jẹ́, àwọn ológun sì máa ń ri ti ènìyàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti tánkì.

Èyí tó ń tan ọmọdé jù ni bọ́ǹbù tí wọ́n ti yìn tí kò bú. Ó wà lórí ilẹ̀ gbangba, ó rí bí irin lásán, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yìn ín, ohun tó ń mú un bú ti ṣí tán nínú rẹ̀, ohun kékeré kan ló há. Gbígbé, jíjù, iná, tàbí kí ẹnì kan kàn yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè tú èyí tó há náà. Nínú wọn ni bọ́ǹbù àfọwọ́jù wà, àti ọta mọ́tà (ìbọn ńlá tó ń yin bọ́ǹbù sókè) tó ní ìyẹ́ nídìí, àti àwọn bọ́ǹbù wẹ́wẹ́ tó ń tú jáde láti inú bọ́ǹbù ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wẹ́wẹ́ yìí kò ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tàbí bátìrì ńlá lọ, àwọn kan sì ní rìbọ́n lórí. Ọmọ tó rí rìbọ́n, fífà ló máa fà á. Ohun tó kéré jù tún wà: páìpù dídán kan tí kò gùn ju ìka lọ, òun ni wọ́n fi ń mú bọ́ǹbù bú. Kì í sábà pani, àmọ́ ó ń gé ìka, ó sì ń fọ́ ojú.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Ní 2001, bọ́ǹbù wẹ́wẹ́ BLU-97 tí Amẹ́ríkà jù sí Afghanistan jẹ́ yẹ́lò, ọ̀rá oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ tí ọkọ̀ òfurufú wọn ń jù sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà kan náà sì jẹ́ yẹ́lò. Wọ́n padà yí àwọ̀ ọ̀rá oúnjẹ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹrẹ̀, ìpẹtà àti oòrùn kì í jẹ́ kí ohunkóhun jọ àwòrán tó wà nínú ìwé mọ́.

Nítorí náà, a kò gbà pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní orúkọ bọ́ǹbù. Ọmọ tó mọ orúkọ mẹ́wàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu ju èyí tí kò mọ ọ̀kan lọ. Ó tilẹ̀ lè wà nínú ewu jù, torí pé yóò fẹ́ sún mọ́ ọn kó lè sọ irú èyí tó jẹ́. Ohun méjì ló yẹ kó mọ̀ dájú: irú ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀, àti ohun tí yóò ṣe nígbà tó bá rí ohun tí kò mọ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀

Àwọn ológun máa ń ri àdó olóró síbi tí ọ̀tá lè gbà kọjá tàbí tó lè sá pamọ́ sí. Àgọ́ ológun àtijọ́ àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà ìdí afárá, oríta, àyíká òpó iná ńlá, bèbè odò, ẹnubodè, kànga àti ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti jà gan-an ni bọ́ǹbù tí kò bú pọ̀ sí jù.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá wò ó dáadáa. Ọ̀nà tí koríko ti bò nígbà tí ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ roro. Oko ọlọ́ràá tí ẹnikẹ́ni kò dá. Egungun ẹran ọ̀sìn tí ẹnikẹ́ni kò kó. Kòtò tí ìbúgbàmù gbẹ́, ọkọ̀ tó jóná, àpótí ọta tó ṣófo, wáyà tó yọ lára koríko, ilẹ̀ tó rì tàbí tó wú níbi kan. Tí ẹ bá dé ìlú tuntun, àwọn obìnrin tó ń pọnmi àti àwọn darandaran ni kí ẹ bi léèrè kí ẹ tó bi ẹlòmíràn, torí àwọn ló ń tẹ ilẹ̀ lójoojúmọ́.

Àmì tí ìjọba tàbí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń gbé kalẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pátákó pupa tó ní agbárí ènìyàn àti egungun méjì lórí, okùn pupa, tàbí òkúta tí wọ́n kùn. Níbi púpọ̀, òkúta pupa wà fún ewu, funfun wà fún ibi tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Àwọn ará ìlú náà ní tiwọn: igi méjì tí wọ́n gbé dábùú ara wọn, koríko tí wọ́n ta ní kókó, òkúta tí wọ́n tò jọ, agolo tí wọ́n fi há orí igi. Ẹ kọ́ ọmọ ní ti àdúgbò yín. Ṣùgbọ́n ibi tí kò sí àmì kì í ṣe ibi tí kò séwu. Wọ́n ń fi pátákó dáná, wọ́n ń jí irin rẹ̀ tà, atẹ́gùn sì ń wó o.

Omi tún máa ń tú gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ ká. Ní oṣù karùn-ún 2014, àgbàrá àti òkè tó ya ní Bosnia gbé àdó olóró abẹ́lẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti sàmì sí wọn, ó gbé pátákó ìkìlọ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn òjò ńlá èyíkéyìí, ẹ ka ọ̀nà àná sí ọ̀nà tuntun. Ẹ tún béèrè kí ẹ tó tọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá rí ohun kan tí ẹ fura sí

Èyí jẹ́ fún ìgbà tí ẹ wà lójú ọ̀nà tí ènìyàn ń rìn, tí ẹ sì rí ohun náà lọ́ọ̀ọ́kán.

1. Ẹ dúró. Ẹ má fi ìgbésẹ̀ kan kún un, kódà tí ẹ kò tíì rí i dáadáa.
2. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sọ òkò lù ú, ẹ má fi igi tì í, ẹ má fa wáyà, ẹ má sì gé e.
3. Ẹ sọ fún àwọn tó tẹ̀ lé yín kí wọ́n dúró.
4. Ẹ padà gba ojú ọ̀nà tí ẹ gbà wá. Ẹ má yà bàrá láti yí i ká.
5. Ní ibi tí ẹ mọ̀ pé kò séwu lójú ọ̀nà náà, ẹ fi àmì sílẹ̀: igi tí a gbé dábùú ara wọn, òkúta, tàbí aṣọ tí a so mọ́ igi tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má ri èèkàn mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ni àmì ń wà. Ẹni tó sún mọ́ bọ́ǹbù nítorí àti sàmì sí i ti ṣe òdìkejì ohun tó fẹ́ ṣe.
6. Ẹ kúrò níbẹ̀ tó 100 mítà ó kéré tán kí ẹ tó lo fóònù tàbí rédíò, torí ìtànṣán wọn lè mú irú bọ́ǹbù kan bú.
7. Ẹ jábọ̀ fún ọlọ́pàá, ọmọ ogun, àjọ tó ń hú àdó olóró tàbí olórí àdúgbò.

Ìjábọ̀ tó wúlò ń sọ ibi tí ohun náà wà gan-an àti ọ̀nà tí wọ́n lè gbà débẹ̀, bó ṣe rí àti bó ṣe tóbi tó láti òkèèrè, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ rí i, irú àmì tí ẹ fi sílẹ̀, ohun tó wà nítòsí bí ilé ìwé tàbí kànga, àti ẹni tí wọ́n lè pè. Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ má sún mọ́ ohun náà láti yà á, ẹ má sì fi fóònù yà á kí ẹ tó jìnnà tó 100 mítà yẹn. Títí tí wọn yóò fi dé, kí àgbàlagbà kan dúró ní ẹnu ọ̀nà náà, kó máa dá ọmọdé padà.

Tí ẹ bá ti wà láàárín rẹ̀

Èyí yàtọ̀ pátápátá, àwọn olùkọ́ sì sábà máa ń da méjèèjì pọ̀. Tí ẹ bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà kí ẹ tó rí àdó olóró abẹ́lẹ̀, tàbí ẹ bojú wẹ̀yìn tí ẹ rí i pé ẹ ti kọjá pátákó ìkìlọ̀, tàbí ohun kan bú nítòsí yín, kì í ṣe àkókò àtipadà nìyẹn. Ẹ dúró síbi tí ẹsẹ̀ yín wà. Ẹ kígbe sí àwọn tó kù kí wọ́n má mira. Ẹ fi ojú nìkan wo ilẹ̀ tó yí ẹsẹ̀ yín ká. Ẹ kígbe fún ìrànlọ́wọ́, kí ẹ sì dúró dè é, ìbáà jẹ́ fún wákàtí mẹ́fà, ìbáà jẹ́ di ọjọ́ kejì.

Àgbàlagbà tó bá mọ̀ dájú pé kò sí ẹni tó lè wá lè tọ ipasẹ̀ ara rẹ̀ padà, bí ipasẹ̀ náà bá hàn kedere nínú yanrìn tàbí ẹrẹ̀, kó máa gbé ẹsẹ̀ lé ojú ibi tó ti tẹ̀ gan-an. Lórí koríko tàbí ilẹ̀ líle, rárá. Ẹ má kọ́ ọmọdé ní apá yìí. Dídúró nìkan ni tirẹ̀.

Tí ó bá ti ṣe ẹnì kan léṣe

Ẹni tó sáré wọlé lọ gbé ẹni tó fara pa ló máa ń di ẹnì kejì, torí àdó olóró abẹ́lẹ̀ kì í sábà dá wà. Òbí ló ṣòro fún jù, nítorí náà ẹ dì í mú. Ẹ kígbe sí ẹni tó fara pa pé kó má yí, kó má sì wọ́ ara rẹ̀. Ẹ rán ẹnì kan lọ pe àwọn tó ń hú àdó olóró, kí ẹlòmíràn lọ ilé ìwòsàn. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, kí ẹ sì júwe fún un bí yóò ṣe fi ọwọ́ àti aṣọ tó wọ̀ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gírígírí.

Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ibi tí kò séwu:

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò. Tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá gé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ apá tàbí ẹsẹ̀ náà kò dá, ẹ fi ọ̀já tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 di ibi tó fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 ga ju ọgbẹ́ lọ, lápá tó kọjú sí ọkàn. Okùn tàbí wáyà yóò gé ẹran ara, ẹ má lò ó. Ẹ má dì í lé orúnkún tàbí ìgúnpá, torí egungun ibẹ̀ kò ní jẹ́ kó fún. Ẹ ta ọ̀já náà mọ́ igi kékeré kan, kí ẹ máa yí igi náà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, lẹ́yìn náà kí ẹ so igi náà mọ́lẹ̀. Yóò dùn ún gan-an. Ìyẹn kò sọ pé ẹ ṣe é kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ dì í sí iwájú orí rẹ̀ tàbí sára ọ̀já. Ẹ má tú u wò. Dókítà ló máa tú u.

Ẹ má yọ irin tàbí igi tó gún un. Ẹ fi aṣọ bò ó kí òtútù má mú un. Ẹ má fún un lóúnjẹ tàbí omi, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Kíkọ́ àwọn ọmọdé

Kí ẹ tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán àdúgbò: ilé, ilé ìwé, ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ọ̀nà àbùjá. Ọ̀nà àbùjá ló ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀. Àwọn òbí kì í mọ ìdajì nínú rẹ̀. Ẹ fi àwòrán náà wé ohun tí àwọn àgbàlagbà mọ̀ nípa ibi tí wọ́n ti jà, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ̀kọ́ yín gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, gbólóhùn mẹ́ta tó: *Má fọwọ́ kàn án. Padà gba ọ̀nà tí o gbà wá. Sọ fún àgbà.* Ẹ jẹ́ kó wọnú orin àti eré, kí wọ́n máa kọ ọ́ lójoojúmọ́. Fún àwọn ọdún mẹ́fà sí méjìlá, ẹ fi kún un bí wọ́n ṣe ń mọ ibi eléwu àti bí wọ́n ṣe ń dúró láìmira. Ẹ má kó ju ọgbọ̀n ọmọ jọ lẹ́ẹ̀kan, ogójì ìṣẹ́jú sì tó fún ìjókòó kan. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìsinmi, lẹ́yìn òjò ńlá, àti nígbàkígbà tí àwọn ìdílé tuntun bá padà dé láti ibùdó ogúnléndé.

Eré ìdúró ni a fẹ́ràn jù. Kí àwọn ọmọ máa rìn káàkiri àgbàlá, olùkọ́ á pàtẹ́wọ́ lójijì, gbogbo wọn á dúró, wọ́n á kígbe pé “Ẹ dúró! Ewu!”, wọn kò sì ní gbé ẹsẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ìdajì wọn yóò sáré tọ olùkọ́ wá. Kò burú, ohun tí wọn yóò ṣe nínú pápá gan-an nìyẹn, ó sàn kó hàn nínú àgbàlá. Ẹ máa tún un ṣe títí kò fi ní sí ẹni tó mira, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí ìdúró náà pẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kó lè mọ́ wọn lára pé dídúró máa ń súni.

Ẹ fi ìbéèrè dán wọn wò: “Bọ́ọ̀lù yín yí wọ inú ọgbà tó ní pátákó pupa, kí lẹ máa ṣe?” “Ọ̀rẹ́ rẹ gbé irin kan tó rí bí bọ́ǹbù lọ́wọ́, ó ń bọ̀ wá bá ọ, kí lo máa sọ?” Ìdáhùn ti ìkejì kì í wá fúnra rẹ̀: kó má sáré bá a, kó má já a gbà, kó má sì ní kó jù ú nù. Kó sọ fún un kó rọra gbé e kalẹ̀ síbi tó dé yẹn, kí àwọn méjèèjì kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì pe àgbà.

Àwọn àṣìṣe tó ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ kò lóǹkà, àmọ́ díẹ̀ ló burú jù. Ẹ má gbé ọta tàbí àdó olóró gidi wọ kíláàsì, ìbáà ti ṣófo, torí ọmọ yóò rí i pé olùkọ́ fọwọ́ kàn án. Ní àwọn ilé ìwé kan, ara bọ́ǹbù àtijọ́ ni wọ́n sọ di aago. Ẹ gbé e kúrò. Ẹ má fún ọmọ ní ẹ̀bùn nítorí pé ó rí bọ́ǹbù, yóò lọ wá òmíràn. Ẹ má sì nà án nítorí ibi tó ti rí i, torí ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní sọ fún yín. Àwòrán ẹsẹ̀ tó gé àti ẹ̀jẹ̀ kì í kọ́ ọmọdé ní nǹkan kan ju àlá burúkú lọ. Tí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán ohun abúgbàmù hàn wọ́n, ẹ lo èyí tó ti dípẹtà, tí ilẹ̀ bò dé ìdajì, tí koríko yí ká.

Àwọn ọmọkùnrin tó ti ń bàlágà ló ṣòro jù. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án ni akọni láàárín wọn. Ìkìlọ̀ kò ràn wọ́n bí iṣẹ́: ẹ jẹ́ kí wọ́n di ẹni tó ń kọ́ àwọn àbúrò wọn nínú kíláàsì, àmọ́ ẹ má rán wọn lọ sàmì sí ohunkóhun.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí kì í wá sílé ìwé: àwọn tó ń da ẹran, tó ń ṣa irin, tó ń ṣẹ́gi. Ibi iṣẹ́ wọn ni ká ti bá wọn. Fún ọmọ tí kì í gbọ́ràn, igbe kò wúlò. Ẹ yan àmì ọwọ́ kan tí gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò yóò mọ̀ sí “dúró”.

Àgbàlagbà tó mọ̀ tó sì ń lọ

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń kú mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Ebi, igi ìdáná àti owó irin ló gbé wọn lọ, ìwàásù kò sì lè dá wọn dúró. Irin ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹ bá ẹni tó ń rà á sọ̀rọ̀ kó má gba irin ogun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pàápàá lọ́wọ́ ọmọdé. Bí kò bá sí olùrà, kò sí ẹni tó máa ṣà á.

Ní ti igi àti omi, kí wọ́n lọ ní ọ̀sán, kí wọ́n pọ̀, kí wọ́n sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà fún ẹni tó wà nílé, kí wọ́n má sì yà kúrò lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là, ìbáà jẹ́ láti tọ̀. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sí bèbè títì láti yà fún ọkọ̀ mìíràn. Ẹ má sun igbó pé iná yóò hú àdó olóró. Òmíràn yóò bú, òmíràn yóò kù tí iná ti mú kó tètè máa bú. Ẹ má dáná lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti jà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Jíju bọ́ǹbù sínú kànga, ṣáláńgá tàbí odò kì í pa á. Ńṣe ló ń gbé e fún ẹlòmíràn.

Ìpadàsílé

Àwọn ológun lè ti fi pàkúté abúgbàmù sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti jà: lẹ́nu ọ̀nà, lára fíríìjì, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ohun ìṣeré ọmọ, lára òkú. Kí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Títí di ìgbà náà, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má tan iná, ẹ má gbé ohun tó dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀. Àlàpà ilé kì í ṣe ibi ìṣeré. Ẹ má jẹ́ kí katapílà kó o kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́

Àdéhùn tó fòfin de àdó olóró abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ènìyàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ottawa ní Canada ní 1997, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 1999, pàṣẹ fún orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ pé kí wọ́n sàmì sí ibi tí àdó olóró abẹ́lẹ̀ wà, kí wọ́n ṣọ́ ọ, kí wọ́n fi ọgbà tàbí ọ̀nà mìíràn dènà ará ìlú níbẹ̀ títí wọn yóò fi hú u tán. Tí orílẹ̀-èdè yín bá wà níbẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀.

Nígbà tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bá parí iṣẹ́, kí wọ́n rìn lórí ilẹ̀ náà lójú gbogbo ará ìlú, kí wọ́n fi ààlà rẹ̀ hàn yín, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ jìn tó. Ilẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò fún oko kò tíì tó fún ìpìlẹ̀ ilé tàbí kànga. Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún pè wọ́n padà kí ẹ tó ti ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́.